Omi tó ń kán lẹ́nu sàlẹ́ńsà mọ́tò

Ní kùtù òwúrọ̀ ní Àkúrẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá ṣíná sí mọ́tò tó sì lọ ṣí géètì lè padà wá bá ilẹ̀ tó ti rin lẹ́yìn ọkọ̀. Omi á máa kán tó, tó, tó lẹ́nu sàlẹ́ńsà, èérí dúdú díẹ̀ á sì bá a jáde. Àwọn kan á ní omi ti wọ ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ á ní àmì pé ẹ́ńjìnì le koko ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Inú epo gan-an ni omi náà ti wá. Háídírójìn àti kábọ́nù ló para pọ̀ di bẹntiróòlù. Bí iná pọ́lọ́ọ̀gì bá ti ràn án, kábọ́nù á so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á di èéfín tí ojú kò rí. Háídírójìn á so mọ́ ọ́síjìn tirẹ̀, á di omi. Omi ọ̀hún kì í ṣe díẹ̀ o. Lítà epo 1 tó bá jóná tán máa ń di nǹkan bíi lítà omi 1, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti fi ìwọ̀n tirẹ̀ kún un. Ọkọ̀ tó bá jó lítà 4 láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó ti tú bíi lítà omi 4 sójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í rí i? Oru ló ń bá jáde. Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: oru kọlu irin tó tutù, ó di ẹ̀kán. Sàlẹ́ńsà tó sun ìta mọ́jú ni ìdérí yẹn. Tí ọkọ̀ bá ti rìn dáadáa, tí irin rẹ̀ gbóná, omi á gbẹ.

Ìrìn kúkúrú ló ń ba sàlẹ́ńsà jẹ́. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé láti ilé dé Ọjà Ọba nìkan ló ń lọ kì í gbóná tó, omi á dúró síkùn sàlẹ́ńsà, á pò mọ́ èròjà èéfín, á sì máa jẹ irin láti inú wá. Nítorí èyí ni àwọn sàlẹ́ńsà kan fi ní ihò kékeré nísàlẹ̀, kí omi lè rí ibi gbà. Ó dunni bí wẹ́dà bá dí ihò yìí, tó rò pé ó jò ni.

Omi tó mọ́ tó ń kán lábẹ́ iwájú ọkọ̀ ní tirẹ̀, ti ẹ́síì ni.

Ìgbà tó yẹ kí àyà já ni ìgbà tí ọkọ̀ ti gbóná tán, tí èéfín funfun ṣì ń tú yàà, tí omi rédíétọ̀ ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí. Ó ṣeé ṣe kí gáásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ ti jóná. Ọ́ìlì lè dà bíi tíì onímílíìkì lára irin tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọkọ̀ má rìn mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi dé. Bí iyèméjì bá wà, kí a fi àmì sí ibi tí omi dé lára ike rédíétọ̀ láàárọ̀ kí a tó ṣíná, kí a tún wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, torí omi inú rẹ̀ lè ru soni lójú.