Kí Abẹ́rẹ́ Ṣáínà Tó Wọ Ẹ̀yìn Yín

Lásìkò ebè kíkọ, láti Bùnú títí dé Yàgbà, ẹ̀yìn àti orúnkún ni ẹjọ́ tí èmi tí mò ń fi abẹ́rẹ́ Ṣáínà, ìyẹn akupọ́ńṣọ̀, tọ́jú ìrora máa ń gbọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ló ti ń gbé àdàlù oògùn ìrora mì fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó wá. Èyí máa ń dùn mí gan-an, torí pé irú oògùn bíi diclofenac àti ibuprofen, bó bá pẹ́ lára, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn ìyá wa láti Ìsánlú àti Ìyàrà sábà máa ń bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe gbẹ́rẹ́ náà nìyí?" Rárá, Màmá. Wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ kí oògùn lè wọ ara ni. Abẹ́rẹ́ ti akupọ́ńṣọ̀ kò ní ihò, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì nípọn ju mìlímítà 0.3 lọ. Á wà lára fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè rí i pé kòtò ẹ̀yìn orúnkún ni mo gún. Kí ó má bẹ̀rù, ojú ibẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yìn láti ayébáyé.

Nǹkan bí ọdún 2,000 sẹ́yìn ni àwọn ará Ṣáínà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé agbára kan tó ń jẹ́ qi ń gba ọ̀nà káàkiri ara, àti pé bí ọ̀nà náà bá dí, ìrora dé. Kò sí oníṣẹ́ abẹ tó tíì rí ọ̀nà yẹn. Ohun tí yàrá ìwádìí fi hàn ni èmi dì mú: abẹ́rẹ́ ń jí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì tú endorphin jáde, ìyẹn oògùn ìrora tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Bruce Pomeranz, ní Kánádà fún àwọn eku ní naloxone, tó máa ń dènà irú oògùn bẹ́ẹ̀, ìtura tí abẹ́rẹ́ mú wá sì pòórá.

Lára èèyàn ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 kó àbájáde ìdánwò 39 jọ, àwọn aláìsàn inú wọn sì lé ní 20,000. Lórí ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, aromọléegun orúnkún àti ẹ̀fọ́rí tó ń wá léraléra, ara tu àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wé abẹ́rẹ́ àfarawé, tí wọ́n ṣe bíi pé ojúlówó ni lójú aláìsàn, ìyàtọ̀ náà kéré. Abájọ tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò fi kò: ní 2016, NICE, àjọ tó ń gba àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, ní kí wọ́n má lò ó fún ẹ̀yìn dídùn, ṣùgbọ́n ní 2017, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Ní tèmi, ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ló wà fún. Orúnkún tó ti jẹ kò ní tìtorí rẹ̀ di ti ọmọdé, àmọ́ bí ìrora bá dínkù, èèyàn á lè rìn, á lè na ẹ̀yìn, ìrìn àti ìnara yẹn ló sì ń mú kí ìtura pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó.

Ẹ má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, bí ìtọ̀ bá ń dà láìmọ̀, bí ibà tàbí rírù bá bá ẹ̀yìn dídùn rìn, tàbí bó bá jẹ́ àyà ló ń dun yín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá lọ, ojú yín ni kí ó ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́, kí ó sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Abẹ́rẹ́ àlòkù lè kó HIV àti hepatitis B ran èèyàn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, tó bá gún àyà jinlẹ̀, lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ gún un ṣáájú. Ní ti àgbo Ṣáínà tí kò ní orúkọ lára, ẹ kọ̀ ọ́. Ní Bẹ́ljíọ̀m, láwọn ọdún 1990, gbòǹgbò ewéko Aristolochia tó wọnú oògùn ìmúnifọn ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, àgbo pẹ̀lú. Mo fẹ́ rí wọn kí n tó ṣí abẹ́rẹ́ kankan.