Katakata arẹrù-sáré, kì í ṣe ayára-bí-àṣá

Nígbà tí wọ́n sọ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, mo dákẹ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í ru nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó máa fò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo sì bá lójú ìwé kìíní ni "katakata ayára-bí-àṣá". Bẹ́ẹ̀ ló ṣe túmọ̀ high-speed tractor, katakata tí wọ́n ṣe kó lè fa ẹrù wúwo sáré lójú títì. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbé e wọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àṣá wo ló ń fa ẹrù tọ́ọ̀nù 18 gun òkè? Àṣá tó lágbára jù lọ, òròmọdìyẹ kan ni yóò gbé, á sì sinmi.

Ohun tí à ń wí nìyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn agbaṣẹ́-oko wà tí ẹ̀rọ ni wọ́n ní, oko olóko ni wọ́n ń bá ṣe. Tó bá di oṣù Karùn-ún, koríko ni wọ́n ń gé láti òwúrọ̀ di alẹ́, èyí tí àwọn tó ń sin màlúù yóò kó pamọ́ de ìgbà òtútù. Tí koríko bá tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà, ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò àlìkámà gba ojú títì láti oko kan dé òmíràn. Katakata kan ṣoṣo tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń wá. Owó tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àlòkù ni wọ́n ń rà, àríyànjiyàn lórí àlòkù tó yẹ kéèyàn rà kì í sì í tán láàárín wọn. Lórí rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kọ ìwé rẹ̀ lé. Ó tiẹ̀ tún pe àlòkù náà ní tòkunbọ̀. Katakata tí wọ́n ṣe ní Staffordshire, tí wọ́n lò ní Staffordshire, tí wọ́n sì tún fẹ́ tà ní Staffordshire, òkun wo ló ti bọ̀?

Àwọn mìíràn burú ju ọ̀rẹ́ mi lọ. "Katakata oníyára gíga" wà nílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò, Yorùbá ló kàn ń tẹ̀. Eré kì í ga lédè wa. Eré máa ń le, ó máa ń pọ̀, tó bá sì pàpọ̀jù, àsápajúdé ni. Òkè ló ń ga. Àgbà kan tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún sì ta kú sórí "ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ asáré". Wọ́n ní katakata kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn kọ sínú ìwé, pé wàhálà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú Pijin. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn tó máa gbọ́ pé katakata ń bọ̀, tó máa sá wọlé pé ìjà ti dé. Àti pé ilẹ̀ wo gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń tú lórí ọ̀dà? Ó lè lo odidi ọdún kó má fojú kan ohun ìtúlẹ̀.

Èmi, katakata arẹrù-sáré ni mo pè é, ibẹ̀ ni mo sì máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń sáré. Ní 2019, Guy Martin, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń fi alùpùpù díje, gbé Fastrac kan, irú katakata tí à ń wí yìí, tí ilé iṣẹ́ JCB ti tún ṣe, ó fi sá eré tó ju máìlì 135 ní wákàtí kan ní pápá ọkọ̀ òfurufú Elvington lẹ́bàá York. Ẹ pe ìyẹn ní àṣá, n kò ní bá yín jà, nítorí kò fa ohunkóhun lẹ́yìn. Agbaṣẹ́-oko kò rà á fún ìyẹn. Ó fẹ́ kó ru ẹrù, kó sáré pẹ̀lú ẹrù náà, kó sì lè dúró tí àgùntàn bá já sọ́nà. Ẹrù gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀, ẹrù ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú eré. Ẹnì kan sọ fún mi pé fífà ló ń fà, kì í rù. Kó lọ wo bí irin ẹnu kẹ̀kẹ́ àfàlẹ́yìn ṣe ń tẹ ìdí katakata mọ́lẹ̀ tí ọkà bá kún inú rẹ̀, kó tún wo pèpéle tó wà lẹ́yìn ilé awakọ̀ Fastrac, níbi tí wọ́n máa ń gbé táńkì oògùn lé. Òmíràn ní orúkọ mi gùn. Ẹ kà á: a-rẹ-rù-sá-ré, márùn-ún. A-yá-ra-bí-à-ṣá, mẹ́fà.

Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ wo àwọn alábàárù. Èyí tó gbé àpò ìrẹsì lé orí lásán, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, ọrùn rẹ̀ á le gbagidi, tó bá fẹ́ sáré, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé ni àpò náà yóò fi gbá a lórí. Èyí tó ká òṣùká rẹ̀ dáadáa, tí ọrùn rẹ̀ mọ bí a ṣe ń gba ẹrù mọ́ra, òun ló ń pariwo "ẹ yàgò" tó ń sáré kọjá lára yín, tí ọmọdé bá sì já síwájú rẹ̀, á dúró láìda ìrẹsì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lè má yàtọ̀ rárá. Katakata lásán ni alábàárù àkọ́kọ́ yẹn: afẹ́fẹ́ inú táyà ni òṣùká rẹ̀, ìdí rẹ̀ lẹ́yìn lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ láìsí sípírínì, tó bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 40 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí kò tẹ́jú, awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lórí àga. Arẹrù-sáré ní sípírínì níwájú, ó ní lẹ́yìn, bíréèkì sì wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀rọ náà kò ní àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ya sípírínì onírin sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń lo epo àti gáàsì, kó lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀.

JCB mú Fastrac jáde ní 1991. Ilé iṣẹ́ Daimler-Benz ti Jámánì ti ń ṣe katakata MB-trac láti 1973, tí ilé awakọ̀ rẹ̀ wà láàárín, tí táyà iwájú sì tóbi bíi ti ẹ̀yìn, àmọ́ iwájú nìkan ni sípírínì rẹ̀ wà. Ọdún 1991 yẹn kan náà ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. Unimog ni àgbà gbogbo wọn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún iṣẹ́ oko ní Jámánì, wọ́n sì fi mìlímítà 1270 sáàárín táyà ọ̀tún àti tòsì kó lè gba orí poro pòtétò méjì kọjá. Ó wá di ti àwọn ológun àti panápaná. Àgbẹ̀ tó ń wá àlòkù Unimog lónìí yóò bá wọn dù ú, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí kò tọ́ máa ń gbọ́n owó lápò ẹni. Ẹni tó bá gbà pé àṣá lòun ń rà, nọ́ńbà eré ni yóò máa wò: èyí ń sá kìlómítà 50, tọ̀hún ń sá 65, ẹ fún mi ní tọ̀hún. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gba katakata lásán láyè kó kọjá máìlì 25 ní wákàtí kan lójú títì, ìyẹn bíi kìlómítà 40. Máìlì 20 ni tẹ́lẹ̀, oṣù Kẹta 2015 ni wọ́n fi kún un, ìgbà náà ni wọ́n tún gbé ìwọ̀n katakata àti ohun tó ń fà pa pọ̀ kúrò ní tọ́ọ̀nù 24.39 lọ sí 31. Tó o bá fẹ́ kọjá máìlì 25, sípírínì àti bíréèkì tó pójú òwò gbọ́dọ̀ wà lára katakata, bíréèkì kẹ̀kẹ́ àfàlẹ́yìn náà sì gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Ìdajì kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Wọ́n á kó owó lé Fastrac tó ń sá kìlómítà 65, wọ́n á wá so kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó mọ́ ọn nídìí, lójú òfin wọ́n ti padà di ẹlẹ́gbẹ́ aládùúgbò tó ń wa katakata lásán. Láti 2018 sì ni èyí tó bá ń fi ẹrù pawó ní ibi tó ju máìlì 15 lọ sí ibùdó rẹ̀, tó sì lè sá ju kìlómítà 40 lọ, ti ní láti máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún bíi ọkọ̀ akẹ́rù.

Koríko gígé ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ta kókó, nítorí ohun tí koríko ń fẹ́ kì í ṣe ohun tí títì ń fẹ́. PTO, irin ayípo tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì katakata fún ẹ̀rọ ìgékoríko, gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú kan láìyẹ̀, kí abẹ lè gé koríko, kó má fà á ya. Koríko ní tirẹ̀ kì í dọ́gba, ibì kan ki, ibì kan fọ́nká, nítorí náà awakọ̀ ní láti máa dín eré rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un láì fọwọ́ kan eré ẹ́ńjìnnì. Fastrac 3000 tí jíà rẹ̀ jẹ́ ìpele-ìpele kò fẹ́ràn ìyẹn. Jíà kan máa yára jù, èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ máa fà jù, awakọ̀ á sì máa wá jíà láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn Fastrac 4000 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ní jíà tí kò ní ìpele, eré rẹ̀ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí òróró. Fún ẹni tó ń gé koríko fún ọjọ́ púpọ̀ lọ́dún, ohun tó yẹ kó fi owó wá nìyẹn, kì í ṣe kìlómítà.

Àléébù mìíràn ṣì wà. Nítorí pé táyà iwájú tóbi, Fastrac àtijọ́ kì í yí kíákíá, ní ìparí poro, ó lè ní láti padà sẹ́yìn kó tó yí tán. Pèpéle ẹ̀yìn tí mo fi gbe ara mi lẹ́sẹ̀ lókè yẹn náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgékoríko jìnnà sí awakọ̀, ọrùn rẹ̀ ló ń san owó rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo ẹ̀rọ ìgékoríko mẹ́ta pa pọ̀, ọ̀kan níwájú, méjì lápá, tó ń gé fífẹ̀ bíi mítà 9, ẹ má wo èyí tí họ́ọ̀sìpáwà rẹ̀ kò tó 200. MB-trac ní ẹ̀bùn kan tí Fastrac kò ní: lára àwọn kan, ẹ lè yí àga àti ìdarí padà, kí ẹ máa wakọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ máa ti ẹ̀rọ ìgékoríko níwájú yín. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mélòó ni èyí tó kéré jù nínú wọn báyìí? Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ló ń rà á.

Ká ní ojú títì ni iṣẹ́ mi pọ̀ sí, Fastrac 3000 tí bíréèkì rẹ̀ pé ni mo máa rà, mo máa fara da oṣù koríko. Ká ní koríko ló pọ̀, mo máa ra katakata lásán tí jíà rẹ̀ kò ní ìpele, tí iwájú rẹ̀ ní sípírínì, mo máa gba máìlì 25 mi lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Tí owó bá wà, Fastrac 4000. Kí n tó sanwó èyíkéyìí, n kò ní fi gbogbo ara gbára lé aago tó ń ka iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, torí wákàtí kan lójú títì kì í jẹ táyà àti bíréèkì bíi wákàtí kan nínú oko. Mo máa fọwọ́ kan páánù bíréèkì bóyá ó ti fín, mo máa pa ẹ́ńjìnnì kí n gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń sá, mo máa ní kí ẹnì kan yí ìdarí kí n wo bí oríkèé iwájú ṣe ń mì. Lẹ́yìn náà mo máa ka lẹ́tà tó wà lára táyà. A8 ni kìlómítà 40, B ni 50, D ni 65. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní 65, B ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, torí pé ẹni tó lò ó kẹ́yìn ra èyí tó pọ́ọ́kú.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní òun ti yọ tòkunbọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n àṣá kò ní lè lọ, nítorí ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún òun ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá bi mí pé kí wá ni òun máa pe jíà tí kò ní ìpele yẹn. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ kan.