Bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń darí ìkọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré

Ta ló ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Nàìjíríà? Àjọ ITF tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1971 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tó ń pa mílíọ̀nù 50 náírà wọlé lọ́dún, ló ń bá da nǹkan pọ̀. Ọ̀rọ̀ ò kan télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ onídìrí ló ń rí sí tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ni o, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí òbí bá ti mú ọmọ wá ni ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀: iye ọdún, owó ìkọ́ṣẹ́, orúkọ oníduúró. Bí ọmọ bá sá lọ bá ọ̀gá mìíràn ládùúgbò, ìyẹn ò gbọdọ̀ gbà á láìbéèrè. Ìtanràn ń dúró dè é nípàdé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ta ló máa fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń gé agbádá han ọmọ tó lè di ti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì lóṣù tó ń bọ̀? Àmọ́ òfin kan náà ló ń de ọmọ mọ́ ọ̀gá tó ń fi í pọnmi, tó ń fi í fọṣọ. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà dé ẹgbẹ́, àwọn ọ̀gá náà ló máa dá a.

Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé àlùmọ́gàjí àti téèpù lé e lọ́wọ́, á sì ṣàdúrà gbọọrọ. Ìwé ẹ̀rí tí alága ẹgbẹ́ bá fún un lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń fi kọ́ ara ògiri. Bó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, akọ̀wé ẹgbẹ́ á yà síbẹ̀: “Ta ni ọ̀gá ẹ?” Ẹni tí ò bá rí ìdáhùn fọ̀, wọ́n lè gbé orí maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọmọ mọ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ kì í sábà yẹ̀ wò. Ọdún ni fọ́ọ̀mù ń kà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé àti ẹni tó jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ló ń rán, ìwé kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ó yàtọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ti dé bá ọ̀gá náà lójijì. Ẹgbẹ́ lè dáwó, kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ wá sípàdé. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ á jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọmọ ló sì sábà máa ń tètè mọ̀ ọ́n tẹ̀.