Ta Ló Ni Deep Purple? Ọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ pé àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni ojúlówó

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jìnnà sí Ìtóòrò, níbi tó ti ń tún ańpù àti sípíkà ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé gìtá rẹ̀ wá, wáyà kan ti já nínú ihò tí wọ́n ń ki okùn bọ̀. Wọ́n jó o fún un. Ó ní kóun dán an wò. Ohun tó kọ́kọ́ ta kò yani lẹ́nu, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ gìtá ti ń bẹ̀rẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ "Smoke on the Water", orin Deep Purple, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè nídìí abọ́ gàrí tí wọ́n ń mu. "Àwọn tó dá Deep Purple sílẹ̀ ló kọ orin yẹn. Àwọn tó ń fi orúkọ yẹn rìn káàkiri báyìí, ayédèrú ni gbogbo wọn."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn púpọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan. Bí ẹgbẹ́ bá ti pààrọ̀ èèyàn, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á ní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni ojúlówó. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òótọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tí wọ́n sì fi ń jà fún un gan-an ló máa kọ́kọ́ já wọn nírọ́.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò ṣòro mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan ló máa ń ni ẹgbẹ́ olórin. Ẹ wo Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára àwo, ohùn rẹ̀ làwọn èèyàn ń náwó lé lórí. Onílù lè lọ, ẹlẹ́gbè tuntun lè dé, kò sẹ́ni tó máa bèèrè. Nígbà tí bàbá náà kú lọ́dún 1983, kò sí ẹni tó lè dìde pé òun ni Haruna Ishola. Musiliu, ọmọ wọn, tó tún gbé àpàlà jáde, orúkọ ara tirẹ̀ ló fi kọrin. Jùjú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, fújì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá gbọ́ pé báńdì kan wà, ohun tí ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ wá ni ẹni tó ni ín.

Deep Purple kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tiẹ̀ ronú kan ẹgbẹ́ náà kò ta, kò lù, kò kọrin nínú rẹ̀ rí lábẹ́ orúkọ yẹn. Chris Curtis lorúkọ rẹ̀, ó ti ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ olórin The Searchers tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1967 ló lọ bá oníṣòwò kan ní London, Tony Edwards, pé kó náwó sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n máa pè ní Roundabout. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti oríta o. Ẹṣin onígi tí àwọn ọmọdé ń gùn tó ń yí po ni: ẹni tó bá wù á gùn ún, ẹni tó bá sú á sọ̀ kalẹ̀. Ètò ẹgbẹ́ náà nìyẹn láti ìpìlẹ̀, kí àwọn olórin máa wá, kí wọ́n máa lọ. Curtis fúnra rẹ̀ ló wá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn tó kù tò ó jọ ní Hertford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1968: Ritchie Blackmore nídìí gìtá, Jon Lord nídìí dùùrù, Ian Paice nídìí ìlù, Nick Simper nídìí gìtá béèsì, Rod Evans sì ń kọrin. Orin kan tí ìyá ìyá tàbí ìyá bàbá Blackmore fẹ́ràn ni wọ́n ti yọ orúkọ tuntun náà. Àwọn márùn-ún yìí ni olùdásílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ. Wọ́n ṣe dáadáa: "Hush" tí wọ́n kọ dé ipò kẹrin ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ onígìtá yẹn bóyá ó mọ ọ̀n.

Lọ́dún 1969, Blackmore, Lord àti Paice fẹ́ olórin tí ohùn rẹ̀ le. Wọ́n rí Ian Gillan nínú ẹgbẹ́ mìíràn, Episode Six, wọ́n sì mú Roger Glover tó ń ta béèsì níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò dáa tó: wọ́n ń fi ìkọ̀kọ̀ bá àwọn tuntun ṣe ìdánrawò, wọ́n sì tún ń bá Evans àti Simper lọ ṣeré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ká má tan ara wa, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Deep Purple tí ayé mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní December 1971, wọ́n lọ sí Montreux ní Switzerland láti gba ohùn sílẹ̀. Frank Zappa, olórin ará Amẹ́ríkà, ń ṣeré ní kasínò ìlú náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn nígbà tí ẹnì kan yin ìbọn iná tí wọ́n fi ń ṣe àmì sí àjà ilé. Kasínò náà jóná, èéfín sì bo ojú adágún omi. Glover ló ronú kan orúkọ orin náà, "Smoke on the Water", ìyẹn èéfín lójú omi, Gillan ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì jáde nínú àwo Machine Head lọ́dún 1972. Ẹ ṣàkíyèsí o: kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tó wà níbẹ̀ nígbà ìdásílẹ̀. Blackmore ló ni ègé gìtá tó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, olùdásílẹ̀ lòun, mo gbà. (Kì í sì í fi píìkì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, gbá a bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe ń gbá a. Ìka ló fi ń fa okùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, dùùrù Jon Lord á wá bá a sọ ọ́.)

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ò tì mọ́. David Coverdale àti Glenn Hughes dé lọ́dún 1973, wọ́n gbé àwo Burn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun sì ni èmi fẹ́ràn jù, ẹ má bú mi. Blackmore lọ lọ́dún 1975, Tommy Bolin rọ́pò rẹ̀, ẹgbẹ́ tú ká lọ́dún 1976.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1980 ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n fetí sí. Rod Evans, olórin àkọ́kọ́ pátápátá, kó àwọn kan jọ, wọ́n ń ṣeré ní Amẹ́ríkà àti Mexico pé àwọn ni Deep Purple. Tó bá jẹ́ pé olùdásílẹ̀ ni ojúlówó, ṣé kì í ṣe òun nìyẹn? Àwọn tó ń bójú tó orúkọ ẹgbẹ́ náà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó ìtanràn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 dọ́là. Láti ìgbà náà, Evans yọ ara rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ orin. Lọ́dún 1984, nígbà tí Gillan, Glover, Blackmore, Lord àti Paice padà jọ ṣe Perfect Strangers, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ayédèrú, bẹ́ẹ̀ méjì nínú wọn kì í ṣe olùdásílẹ̀.

Ní tòótọ́, ohùn ẹgbẹ́ máa ń yí padà bí èèyàn bá yí padà. Ti Steve Morse, onígìtá tó wọlé lọ́dún 1994, kò dún bíi ti Blackmore, ti Simon McBride tó gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2022 náà kò sì dún bíi ti Morse. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti má gbọ́ ọ. Àmọ́ ká sọ pé kò dùn mọ́ wa nínú yàtọ̀ sí ká sọ pé kì í ṣe òun.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n. Mo tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó jẹ oyè Tami Odògbólú, tó ń jó Agẹmọ lónìí, ṣé òun ló jó o nígbà àwọn bàbá bàbá yín? Ṣé ẹ wá máa ní kì í ṣe Tami ni?"

"Ti ilé nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n bu omi sí gàrí. "Má fi wé ti òyìnbó."

Ọmọ onígìtá náà ló wá bèèrè pé nínú gbogbo wọn, ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di báyìí. Mo ní ó wà: Ian Paice, onílù. Kò sí ìgbà kankan tí Deep Purple wà tí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ẹ ò rí i? Onílù ló ni ẹgbẹ́."

Mo ní kì í ṣe òun ló ni ín. Wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Wọ́n ti ń sọ fún ọmọ náà pé kó tún un ta, kó fi ìka fà á lọ́tẹ̀ yìí.