Ọbẹ̀ tí wọn kì í fi iyọ̀ sí: bí ilé seolleongtang ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Seoul

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé tí wọ́n ti ń ta seolleongtang, ìyẹn ọbẹ̀ eegun màlúù, ní Seoul, olú ìlú South Korea, lè rò pé alásè gbàgbé iyọ̀. Kò tíì jókòó pẹ́ tí abọ́ amọ̀ fi dé iwájú rẹ̀, omi inú rẹ̀ funfun bíi wàrà, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ó fi ṣíbí bù ú, ó tọ́ ọ wò, ó tẹ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi iyọ̀ sílẹ̀ fún un ni. Iṣẹ́ tó gba àkókò ti parí nídìí iná láti òru àná. Ìwọ̀nba tó kù, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Eegun ẹsẹ̀ màlúù ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á máa pààrọ̀ omi, kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á wá bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á da omi yẹn nù pẹ̀lú gbogbo ìfófó rẹ̀, wọ́n á sì fọ eegun náà mọ́ tónítóní. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Eegun á wọ ìkòkò ńlá, omi tuntun á bò ó, iná á máa jó lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí ẹ̀kán wàrà kankan nínú funfun yẹn. Iná ló ń ṣe é. Bí omi bá ń hó yaya láì dáwọ́ dúró, iṣan tó rọ̀ mọ́ eegun á yọ́, á mú omi náà ki díẹ̀. Ọ̀rá àti mùdùnmúdùn á fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pò mọ́ omi débi pé wọn ò ní lè léfòó mọ́. Àwọn ẹ̀kán tíntìntín yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tí ojú fi ń rí i ní funfun. Iná jẹ́jẹ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Abájọ tí gomtang ìlú Naju, ọbẹ̀ màlúù mìíràn tí wọ́n ń fi ẹran se ju eegun lọ, fi máa ń mọ́ gaara.

Ẹran kì í bá eegun pẹ́ lórí iná. Ẹran àyà ni wọ́n sábà ń lò. Bó bá ti rọ̀ tó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Eegun nìkan ló ń dúró di àárọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́n omi àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n á tún da omi lé eegun náà lórí lẹ́ẹ̀kejì, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdàpọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí tòní jọ tàná lẹ́nu, ohun tí oníbàárà àtọdúnmọ́dún sì ń bá wá nìyẹn.

Ní ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n á fi somyeon díẹ̀ sí i, ìyẹn núdù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe. Ìtàn ọ̀wọ́n ìrẹsì ló wà nídìí rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Park Chung-hee, ààrẹ South Korea ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ìrẹsì ò tó, ìjọba sì ń rọ aráàlú láti máa jẹ àlìkámà àti ọkà mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n ṣòfin rẹ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ pàápàá. Ìrẹsì ti pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n núdù kò kúrò nínú ọbẹ̀. Abọ́ ìrẹsì náà ní ìtàn tirẹ̀. Abọ́ kékeré onídérí ni, irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 1976, ìlú Seoul pàṣẹ pé kí abọ́ ìrẹsì ilé oúnjẹ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10.5, kó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 6, kí wọ́n má fi ìrẹsì ṣòfò. Títí dòní, ẹni tó bá ń lọ láti búkà kan sí òmíràn á ṣàkíyèsí pé abọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Lórí tábìlì ni iyọ̀, ata dúdú lílọ̀ àti àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n ti rẹ́ wà. Ìkòkò kimchi, ewébẹ̀ oníyọ̀ àti ata tí wọ́n jẹ́ kó kan, náà wà ńbẹ̀, pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé e, àti kkakdugi, ìyẹn mu, gbòǹgbò funfun bíi ráádíìṣì, tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n fi ata sí, tó sì kan díẹ̀. Wọn kì í gba owó lórí ìwọ̀nyí, bó bá sì tán, ẹni tó fẹ́ sí i á tún bù ú tàbí kó béèrè. Díẹ̀díẹ̀ ni kéèyàn máa bu iyọ̀ sí i, kó máa tọ́ ọ wò, torí iyọ̀ tó bá ti wọlé kò ṣeé yọ. Núdù ni kó kọ́kọ́ jẹ kó tó rọ̀ jù, lẹ́yìn náà kó da ìrẹsì sínú omi ọbẹ̀. Àwọn kan á tún bu omi kkakdugi lé e, ọbẹ̀ funfun á di pupa, yóò sì kan díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọbẹ̀ náà ń dùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ ẹ ní funfun kò ní gbà.

Ní Busan, ìlú ńlá mìíràn ní South Korea, ọwọ́ yàtọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se gukbap tiwọn, ìyẹn ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì nínú rẹ̀, tó gbilẹ̀ nígbà Ogun Kòríà, ọdún 1950 sí 1953, tí àwọn tó sá ogun kún ìlú náà fọ́fọ́. Edé kéékèèké oníyọ̀, saeujeot, ló ń ṣe iṣẹ́ iyọ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ ṣì ń ṣe toryeom: wọ́n á bu ìrẹsì tútù sínú abọ́, wọ́n á da omi ọbẹ̀ gbígbóná lé e, wọ́n á fi ìgbákọ dá ìrẹsì dúró kí wọ́n tó da omi náà padà sínú ìkòkò, wọ́n á tún bu òmíràn lé e, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìrẹsì á gbóná dénú, ọbẹ̀ á wọ inú hóró rẹ̀, kò sì ní jó èèyàn lẹ́nu. Kí ẹ̀rọ tó ń mú ìrẹsì gbóná tó dé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ìrẹsì rẹ̀ lọ́tọ̀ á béèrè fún ttaro.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń béèrè oúnjẹ, torí oríṣi kan tàbí méjì ni wọ́n ń tà. Ìbéèrè tó wà ni bóyá èèyàn fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ tàbí teuk, èyí tí ẹran rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣíbí àti ọ̀pá ìjẹun onírin wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Omi, oníbàárà ló sábà ń bu tirẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lórí ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n ń tẹ̀ láti pe olùgbóúnjẹ. Níbi tí kò bá sí, wọ́n á ké sí i pé “yeogiyo”, ìyẹn “ibí o”, tàbí kí wọ́n pè é ní imo, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lóbìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá wọn tan. Ọmọ Yorùbá tó ń pe ìyá olóúnjẹ ní màmá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ṣíbí. Ẹnikẹ́ni kì í gún ọ̀pá ìjẹun sínú ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, nítorí ó jọ tùràrí tí wọ́n ń tàn fún òkú. Bí wọ́n bá jẹun tán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sanwó, owó tó wà lára pátákó gan-an, láìfi nǹkan kan lé e.

Àwọn ilé kan kì í tì lóru, pàápàá àwọn tó ń ta haejangguk, ọbẹ̀ tí wọ́n ń mu kí ojú ọtí lè dá. Cheongjinok, tó ti wà láti ọdún 1937, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé haejangguk tí òkìkí wọn kàn. Àwọn mìíràn kì í sì wo aago rárá. Bí ọbẹ̀ inú ìkòkò bá ti tán, ì báà jẹ́ ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, nítorí ohun tó gba òru mọ́jú kò ṣeé sáré sè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.