Táyà Tó Ń Dín Epo Kù, Àti Èyí Tó Ń Jẹ ẹ́

Màmá kan gbé Corolla wọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lÓkè-Fìà. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ń mu epo, mẹkáníìkì ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Wọ́n wá gbọ́ pé táyà kan wà tó ń dín epo kù, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ẹ fọwọ́ kan táyà yín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gbọ̀ngán dé Ọláìyá, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Epo yín wà nínú ooru yẹn. Ìwúwo ọkọ̀ ń tẹ táyà pẹlẹbẹ níbi tó ti kan ilẹ̀. Bó ṣe ń yí, ibẹ̀ á gbéra, ibòmíràn á tún tẹ̀. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára yẹn padà, ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ooru, ẹ́ńjìnnì ló sì ń san gbèsè náà. Lọ́dún 1992, Michelin gbé táyà kan jáde tó fi silica, èròjà tó wà nínú yanrìn, rọ́pò apá kan nínú ẹbu dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà. Ìyẹn kì í tètè gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀.

Táyà tuntun tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù máa ń ní bébà lára: A sí E fún epo, A sí E fún bó ṣe ń di ilẹ̀ òjò mú. A ló dára jù, E ló kéré jù. Ẹ ka méjèèjì. Pẹ̀lú irú òjò tó ń rọ̀ ní Òṣogbo, mi ò ní ta táyà tó gba A níbi epo tó sì gba E níbi òjò fún ọmọ ìyá mi.

Tòkunbọ̀ kì í ní bébà yìí mọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà ni kí ẹ wò, ìgbà tí wọ́n ṣe é ló ń sọ: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti jẹ ń yí fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀ mọ́.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bí ìfàsẹ́yìn táyà, ìyẹn agbára tí táyà ń jẹ bó ṣe ń yí, bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún epo ni ẹ ó rí fi pamọ́. Bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì fi 10 dín lórí géèjì, nǹkan bí ìdá 2 ló ń bá a lọ. Èrè táyà olówó gọbọi ti tán nìyẹn! Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí tí àwa fọkanáísà bá fẹsẹ̀ gbá táyà, tí a ní ó ti tó. Ẹ ní kí wọ́n mú géèjì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tó wà lára táyà ni ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Mo wọn ti màmá. Ilẹ̀kùn ní 30, géèjì ní 21. Mo fọn ọ́n, mo ní kí wọ́n fi owó táyà pamọ́ ná, kí wọ́n padà wá láàárọ̀ Sátidé, kí táyà tó gbóná, kí n tún un wọ̀n.