Ìrònúpìwàdà àti jíjẹun pọ̀ láàárín àwọn Júù àti Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́

Ní Jùdíà àti Gálílì ní ọ̀rúndún kìíní, àwọn Júù àti àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ jọ gbà pé ó yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ronú pìwà dà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn ni ìdí oúnjẹ: ṣé kí ó yí padà ná kí wọ́n tó bá a jẹun, àbí kí wọ́n bá a jẹun kí ó lè yí padà?

Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ wà nínú àwọn ihò àpáta Qumran, létí Òkun Òkú, ló le jù. Ìwé òfin wọn, tó wà lára àwọn àkájọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní nǹkan bí ọdún 1947, sọ pé kò sí omi tó lè wẹ ẹni tí kò bá kúrò nínú ìwà ibi rẹ̀ mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ mímọ́. Ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà á lo ọdún kan gbáko kí ó tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ wọn, á sì tún lo ọdún kejì kí ó tó bá wọn mu ohun mímu wọn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ohun ìní rẹ̀, ọdún kan ni wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò nídìí oúnjẹ mímọ́, wọ́n á sì gé ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀.

Ti Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì Júù tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń pa òfin ìdámẹ́wàá àti ìwẹ̀nùmọ́ mọ́ gidigidi (kì í ṣe ẹgbẹ́ Qumran) kì í lọ jẹun nílé ará ìlú tí kò ka òfin wọ̀nyí sí, kì í sì gbà á lálejò bí onítọ̀hún bá wọ aṣọ tirẹ̀ wá. Aṣọ àti oúnjẹ ni wọ́n ń ṣọ́ra fún níbí, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹni náà.

Ìhìn Rere Máàkù ròyìn pé Jésù jẹun nílé Léfì agbowó òde pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀, ó ní àwọn ni òun wá pè. Lúùkù fi kún un pé sí ìrònúpìwàdà ni. Ní ọdún 1985, ọ̀mọ̀wé E. P. Sanders sọ pé ohun tó bí àwọn èèyàn nínú ni pé Jésù gbà wọ́n láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ san ohun tí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì rúbọ bí Òfin Mósè ti wí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà á. Ìtàn Sákéù, olórí agbowó òde ní Jẹ́ríkò, mú ọ̀rọ̀ náà díjú: ẹ̀yìn tí Jésù ti wọ ilé rẹ̀ ló ṣèlérí láti dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ Òfin inú ìwé Númérì kò béèrè ju owó gan-an àti ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Nígbà tí wọ́n bá Pétérù wí pé ó bá aláìkọlà jẹun nílé Kọ̀nílíù, ohun tó parí ẹjọ́ náà ni pé Ọlọ́run ti fún àwọn tí kì í ṣe Júù náà ní ìrònúpìwàdà. Síbẹ̀, ní Áńtíókù, Pétérù tún fà sẹ́yìn nídìí oúnjẹ wọn, Pọ́ọ̀lù sì ko ó lójú. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀wé sí Kọ́ríńtì pé kí wọ́n má ṣe bá onígbàgbọ́ tó ń ṣe àgbèrè tàbí tó ń lọ́ni lọ́wọ́ gbà jẹun rárá.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìjọ fi òfin de tábìlì tirẹ̀. Didache, ìwé ìtọ́ni àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ní kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n tó bu àkàrà, kí àwọn tó ń jà sì parí ìjà wọn ná. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Níséà ní ọdún 325 ní kí àwọn tó sẹ́ ìgbàgbọ́ nígbà ìjọba Licinius, olú ọba Róòmù, láìsí ẹni tó fipá mú wọn lo ọdún 12 kí wọ́n tó padà sídìí oúnjẹ Olúwa. Ṣùgbọ́n wọn kò ní fi í du ẹni tó bá ń kú lọ.